Ègé Pákó Lábẹ́ Ilé Ẹja

"Ṣé ó wà láàrin?"

Bàámi ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan tí a ti ń ṣiṣẹ́, ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ó kọjú sí ibi tí mo wà. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ó ń wò mí lóòótọ́. Èmi mọ̀ pé òjìji mi lásán ló ń rí.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ti lù. Aago mẹ́rin géérégé ni tíṣà eré ìdárayá ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sáré fún ilé-ìwé wa péjọ sí pápá. Ó ti là á mọ́lẹ̀ fún wa pé ẹni tó bá pẹ́ kó yáa gba ilé lọ, òun kò ní bi í pé kí ló dé. Ẹni mẹ́rin péré ló máa wọ ẹgbẹ́ eré ìje tí a máa ń fi ọ̀pá lé ara wa lọ́wọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo sì ti ń dá sáré láràárọ̀ nítorí rẹ̀.

Ilé ẹja tí èmi àti bàámi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe ló wà lórí tábìlì irin níwájú mi. Gíláàsì ni yíká. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó fẹ̀ ní méjì, ó sì ga ní méjì ààbọ̀. Àwọn alágbàrù mẹ́rin ló gbé e wọlé tagbára-tagbára, wọ́n gbé e ka orí fóòmù pẹlẹbẹ tí a tẹ́ sórí tábìlì náà, wọ́n sì ti bá tiwọn lọ. Mo gbé lẹ́fẹ̀lì lé etí gíláàsì. Irin gígùn kan ni lẹ́fẹ̀lì, ó ní omi díẹ̀ nínú pẹ̀lú afẹ́fẹ́ roboto kan. Bí ibi tí a gbé e lé bá tẹ́jú, afẹ́fẹ́ náà á dúró sáàrin ìlà méjì. Lọ́jọ́ yìí, kò dúró sáàrin rárá. Apá ọ̀tún ló sá lọ.

Mo mọ ohun tó fà á. Ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ni gbọ̀ngán yìí tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di ilé-ìwé, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ilẹ̀ rẹ̀ kó dagun díẹ̀ kí omi lè máa ṣàn jáde. Ẹsẹ̀ tábìlì tó wà ní igun ẹ̀yìn lápá òsì rẹlẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ohun tó yẹ ká ṣe ni ká gbé gíláàsì kúrò, ká ti irin pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà, ká tún un wò, ká tó gbé gíláàsì padà. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé e? Kí a tó rí àwọn alágbàrù yẹn pè padà, ó kéré tán, á gbà wá ní wákàtí kan.

Ẹ̀bi mi sì ni. Èmi ló yẹ kí n wo tábìlì náà láti iwájú dé ẹ̀yìn kí wọ́n tó gbé ohunkóhun lé e. Iwájú nìkan ni mo wò. Aago ara ògiri ni mo ń wò jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú bàámi. Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ó ṣì ń rìn láàárín ilé àti títì, ó ń fi ìrìn mọ ẹni tó ń bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì ń gé gíláàsì bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Àmọ́ kò rí afẹ́fẹ́ inú lẹ́fẹ̀lì mọ́, kò sì rí ìlà orí téépù. Èmi ni mo ń bá a kà á. Àwa mẹ́ta péré la mọ̀: òun, màámi àti èmi. Ta ló máa gbé iṣẹ́ gíláàsì fún ẹni tí kò ríran? Ìyá Kékeré ló máa ń pè mí. Bí a bá dé ibi iṣẹ́, á ní, "Ìyá Kékeré, kà á fún mi kí n gbọ́," bí ẹni pé ó ń dán mi wò, àwọn oníbàárà á sì máa yìn ín pé bàbá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ nìyí.

"Ìyá Kékeré, mo ní ṣé ó wà láàrin?"

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀, bàámi. Mò ń wò ó lọ́wọ́."

Àfi bí Àǹtí Jẹ́jẹ́ ṣe pè é níta. Àǹtí Jẹ́jẹ́ ló ni ilé-ìwé náà. Àwọn òbí ló fún un lórúkọ yẹn, nítorí kò sí ohun tó máa sọ tí kò ní fi jẹ́jẹ́ kún un: ẹ rìn jẹ́jẹ́, ẹ jẹun jẹ́jẹ́, àní ẹ sunkún jẹ́jẹ́. Bàámi jáde lọ dá a lóhùn.

Bó ṣe yíjú báyìí, mo ki ọ̀pá irin kan tó wà nílẹ̀ bọ abẹ́ igun ẹ̀yìn gíláàsì náà, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, igun náà sì dìde díẹ̀. Mo fi ọwọ́ kejì ti ègé pákó kan sábẹ́ rẹ̀, pákó líle tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo yọ irin. Nígbà tí mo wo lẹ́fẹ̀lì, afẹ́fẹ́ náà ti rọra padà sáàrin, ó jókòó síbẹ̀ bí ọmọ gidi.

Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Láti kékeré ni bàámi ti ń sọ ọ́ sí mi létí pé ẹsẹ̀ tábìlì ni à ń ti nǹkan sí, a kì í ti ohunkóhun bọ abẹ́ gíláàsì. Ó máa ń ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: "Omi àti yanrìn tó máa wọ inú rẹ̀ wúwo tó àgbàlagbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí gbogbo ìdí rẹ̀ bá jókòó, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ orí nǹkan kékeré kan ló dúró lé, igun yẹn nìkan ló máa ru gbogbo wọn. Kì í fọ́ lójú ẹsẹ̀ o. Á kọ́kọ́ máa rò ó." Bó bá ti débẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń bá a rẹ́rìn-ín.

Bàámi wọlé padà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ìdí gíláàsì náà láti iwájú dé ẹ̀gbẹ́, débi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé. Igun ẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, ọwọ́ bàámi tóbi ju àlàfo ibẹ̀ lọ. Ó wá dúró tì mí.

"Ó yá, kà á fún mi kí n gbọ́."

"Ó wà láàrin, bàámi."

"Ní ìbú ńkọ́?"

"Ó wà láàrin."

"O káre. Máa sáré lọ, kí wọ́n má lọ fi ẹlòmíì dípò ẹ." Ó mọ̀ nípa eré náà, láti àárọ̀ ló ti ń bá mi kánjú. Mo sáré lóòótọ́. Mo dé pápá nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì, mo sáré bí ẹni tí ajá ń lé, tíṣà sì kọ orúkọ mi mọ́ àwọn mẹ́rin tó mú.

A kì í da omi kún ilé ẹja ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Bàámi pín in sí ọjọ́ mẹ́rin, ìdá kan lójúmọ́, kí gíláàsì lè mọ ẹrù náà lára díẹ̀díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá dé, màámi á bi í pé báwo ni, á ní, "Kò ṣe nǹkan kan." Mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n lè gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kẹrin tí omi náà kún, tí kò sì ṣe nǹkan kan, mo sọ fún ara mi pé bàámi ti dàgbà ni, pé ìbẹ̀rù ló ń dá a láàmú. Mo jẹun yó lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo yà síbẹ̀ nígbà tí a jáde ilé-ìwé. Ẹja ti wà nínú rẹ̀, pupa, funfun, àti dúdú kan tó kàn sùn sórí yanrìn bí ọ̀lẹ. Wọ́n tẹ́ ẹní síwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó lé ní ogún jókòó síbẹ̀, àwọn kan fi iwájú orí lé gíláàsì, imú wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní ìpẹ̀kun ẹní lápá òsì ni ọmọdébìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Amùka, torí pé àtàǹpàkò rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu. Ẹja pupa ńlá kan fẹ́ràn igun yẹn, Amùka sì fẹ́ràn ẹja náà. Kò sẹ́ni tó lè bá a du ibẹ̀.

"Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín!" Àǹtí Jẹ́jẹ́ ní. "Àwọn ọmọ yìí kò jà mọ́. Wọ́n ń jókòó jẹ́jẹ́. Nǹkan kan ṣoṣo náà ni pé ó máa ń dún nígbà míì."

Mo yára bi í. "Báwo ló ṣe ń dún, mà?"

"Kẹ́. Bíi kéèyàn ta ìka. Àárọ̀ ni, tí oòrùn bá ti wọlé. Mo ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ẹja ló ń fẹnu kàn án."

Mo lọ yọjú sí igun ẹ̀yìn. Gọ́ọ̀mù dúdú tí a fi lẹ gíláàsì mọ́ra ti ní ìlà funfun kan lára, tín-ín-rín, ó gùn tó ìka mi kan. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí a gbé e wá. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbẹ. Mo kí Àǹtí Jẹ́jẹ́ pé ó dàbọ̀, mo sì gba pápá lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà nínú ẹgbẹ́ eré ìje wa. Pẹ́pẹ́yẹ là ń pè é nítorí ìrìn rẹ̀, àmọ́ bó bá di ká sáré, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Òun nìkan ni mo sọ fún. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti ojú bàámi.

"Ṣé ó ti fọ́?" Pẹ́pẹ́yẹ bèèrè.

"Kò tíì fọ́."

"Ṣé ó ń jò?"

"Kò jò."

"Kí ló wá ń pa ẹ́ lẹ́kún? Ìwọ gbọ́, bó o bá jẹ́wọ́, wọ́n á béèrè pé báwo ni bàbá ẹ ò ṣe rí i. Kí lo máa sọ? Gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé kò ríran, iṣẹ́ ẹ̀ á sì tán. Dákẹ́ ẹnu ẹ jọ̀ọ́. Bàbá ẹ lò ń bò."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Mo gbé e mọ́ra bí oògùn. Bí ẹ̀rù bá ti bà mí, mo máa ń sọ fún ara mi pé bàámi ni mò ń bò. Oúnjẹ kò wá dùn lẹ́nu mi mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ta ìka lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kíláàsì, mo máa ń ta gìrì, àwọn ọ̀rẹ́ mi á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ìdíje pé. Aago mẹ́wàá la máa sáré. Ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi náà ni mo gbà kọjá láàárọ̀, mo ti wọ aṣọ eré sára. Àǹtí Jẹ́jẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fún omi kúrò nínú àkísà.

"Bá mi sọ fún bàbá ẹ pé gíláàsì wa ń làágùn," ó ní. "Láti ìgbà tí mo ti ṣílẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti nu ún. Igun kan ṣoṣo yẹn náà ni."

Mo dáhùn pé màá sọ fún un. Mo tún ń lọ. Ẹ̀yin ẹ sọ ọ́, irú ọmọ wo nìyẹn? Mo rìn tó ogún ẹsẹ̀, mò ń ka bí eré wa ṣe máa lọ lọ́kàn, nígbà tí màmá àgbà kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó di ọmọ kékeré kan lọ́wọ́ mú. Amùka ni. Ó já ọwọ́ gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kí ẹlòmíì má bàa gba ipò rẹ̀ lórí ẹní.

Mo sáré kọjá rẹ̀. Mo wọ gbọ̀ngán náà bí afẹ́fẹ́.

"Àǹtí, ẹ kó àwọn ọmọ jáde! Ẹ kó wọn jáde báyìí!"

"Rọra, jẹ́jẹ́. Kí ló dé?"

"Èmi ni mo ṣe é. Mo ti pákó sábẹ́ gíláàsì yẹn. Ó máa fọ́."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Àǹtí Jẹ́jẹ́ kò sọ jẹ́jẹ́. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ké sí wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to jáde sí abẹ́ igi nínú ọgbà. Ó ju fóònù rẹ̀ sí mi lọ́wọ́, mo pe bàámi. Mo sọ ọ́ fún un láìdúró mí.

"Igun wo?"

"Ti ẹ̀yìn, lápá òsì."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n ti ń jáde."

"Má fọwọ́ kan ìdí ẹ̀. Ki rọ́bà gígùn tí à ń fi fa omi bọ inú ẹ̀ látòkè, fà á, kí o jẹ́ kó máa ṣàn síta. Mò ń bọ̀."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹnu fa rọ́bà títí omi ẹja fi kún ẹnu mi, mo na orí rẹ̀ síta lójú fèrèsé, mo sì jáde lọ dì í mú lójú àgbàrá kó má bàa yọ. Omi ń lọ, àmọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń lọ. Ó ti lọ sílẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin nígbà tí alùpùpù kan já bàámi sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Àǹtí Jẹ́jẹ́ ń ka àwọn ọmọ lábẹ́ igi. Ó kà wọ́n tán, ó tún wọn kà.

"Mẹ́tàlélógún ni wọ́n," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Méjìlélógún ni mo rí."

Mo mọ ẹni tó kù kó tó pa ẹnu dé. Mo ju rọ́bà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bàámi ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù mí lọ, ó sì ti gbọ́ ohun tí èmi kò gbọ́: ohùn ọmọ kékeré tó ń bá ẹja sọ̀rọ̀. Kò ríran, kò sì dúró. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó tẹ̀ lé ohùn náà wọ inú gbọ̀ngán, ó gbá Amùka mú lórí ẹní, ó sì kọ ẹ̀yìn sí gíláàsì náà. Mo dé ẹnu ọ̀nà lákòókò náà gan-an, ojú mi ló ṣe.

Kò dún bí mo ṣe rò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dún, pàó, gíláàsì iwájú sì là láti igun òsì dé òkè. Omi gbé bàámi lẹ́sẹ̀ ṣubú. Nígbà tí omi náà fi máa ṣàn tán, àwọn ẹja ń tàkìtì nílẹ̀, ẹní ti lọ lẹ̀ mọ́ ògiri, bàámi sì wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ náà láyà rẹ̀. Amùka ń ké. Kò sí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ rárá. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà, ti bàámi ni.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì rán ẹ̀yìn àti apá rẹ̀ ní ojú abẹ́rẹ́ mọ́kàndínlógún. Mo jókòó tì í nínú aṣọ eré mi tó ti gbẹ mọ́ mi lára. Ẹlòmíì ti sáré dípò mi, èmi kò sì béèrè bí wọ́n ṣe ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ títí omijé fi tán lójú mi. Ó ní òun ti gbọ́, ó ní kí n lọ fọ ojú.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ wá bá a níbẹ̀. "Bàbá, mo dúpẹ́ ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, báwo ni irú nǹkan báyìí ṣe kọjá lójú yín?"

Mo la ẹnu láti parọ́ bò ó. Bàámi gbé ọwọ́ sókè dá mi dúró.

"Kò kọjá lójú mi, Àǹtí. Ojú mi kò ríran mọ́. Ọmọ mi ló ń bá mi kà á. Ẹ̀bi tèmi ni pé n kò sọ fún yín."

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró níbẹ̀. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, oníbàárà méjì ti wá gba iṣẹ́ wọn padà. Àwọn kan kò lọ. Àǹtí Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ní kí a ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n ó ní òun máa dúró tì wá. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ padà nìyẹn.

Ọdún méjì rèé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan gbójú lé yín láti bá a wo ohun tí òun kò lè rí. Ohun tí ẹ bá rí gan-an ni kí ẹ sọ fún un. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, nígbà tó ṣì jẹ́ pé eré kan ni ẹ máa pàdánù. Èmi kò sọ ọ́, ọmọ ọlọ́mọ kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sí i.

Bàámi kò pariwo mọ́ mi rí lórí ọ̀rọ̀ náà, títí dòní. Èmi náà ni mo ṣì ń ka lẹ́fẹ̀lì fún un níbi iṣẹ́, mi ò sì ṣàṣìṣe mọ́. Bí mo bá ti kà á tán, á ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Lẹ́yìn náà ló máa yíjú sí wẹ́dà tó ń bá wa jó irin tábìlì, á rẹ ohùn sílẹ̀ kí n má bàa gbọ́, á ní, "Jọ̀ọ́, ìwọ náà bá mi wò ó."